Òyìnbó Gàfárù

Ohun tó rí Àlàmú lára jù lọ ní gbogbo ọdún márùndínlógójì tó lò nílùú òyìnbó ni awọ ẹkùn kan. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe ọ̀dùnkún tí wọ́n fi omi lásán sè, kì í tilẹ̀ ṣe àwọn onílé tó ń kọ ọ́ sójú fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Awọ ẹkùn ni. Oníjàkadì kan ló kọ́kọ́ ń lò ó kó tó kan Àlàmú, òógùn ọkùnrin náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa. Bí Àlàmú bá la ẹnu láti kọrin, irun awọ náà a re sí i lẹ́nu. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá a wáṣẹ́ ló ní dandan ni kó máa fi bora, kó máa rìn láìwọ bàtà wọ ilé ijó, kó sì kọ́kọ́ bú ramúramù kó tó jókòó sídìí píánò. Wọ́n a kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìta: Prince Àlàmú, ọmọ ọba inú igbó.

Ọmọ ọba wo? Ògúndìran alágbẹ̀dẹ ló bí i, ní Òkè-Ẹlẹ́rìn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò sì jọba rí nínú agbo ilé wọn, àfi bí a bá ń ka àkùkọ orí àkìtàn mọ́ ọba. Àlàmú tí wọ́n gbé sórí pátákó yìí, oríkì rẹ̀ ni. Ṣàngódùnní ìyá rẹ̀ ló ń fi kí i láàárọ̀, òun ló ń fi tù ú nínú bí ara rẹ̀ kò bá yá. Orúkọ tó ń mú orí ọmọ wú, òun ni àwọn ọ̀mùtí Mànṣẹ́sítà ń fi ṣẹ̀sín, tí wọ́n á máa bi í bóyá wọ́n máa ń se ènìyàn jẹ nílé wọn. Àlàmú a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Bó ṣe dé ìdí dùùrù kò ṣòro sọ. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó oníwàásù, ó sì máa ń mú un dání lọ sí ọgbà wọn. Dùùrù kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó lè dún. Ibi tí àwọn ọmọ yòókù ti ń lé labalábá kiri, Àlàmú á ti rá pálá lọ sídìí rẹ̀. Kó tó di géńdé, òun ló ń tẹ dùùrù fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ògúndìran, tó ti ń retí ẹni tí yóò dúró ti ẹwìrì lágbẹ̀dẹ, lọ wo ohun tó ń gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó wò ó títí, ó ní ẹwìrì náà ṣáà ni, eléyìí kàn ní ohùn ni. Láti ọjọ́ náà kò bá ọmọ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní 1951, Àlàmú wọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ó wọn díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ijó abẹ́ ilẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ orin tí wọ́n ń pè ní jáàsì. Ọwọ́ òsì ẹni tó wà nídìí píánò ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ń yà sí ìhín, ó ń yà sí ọ̀hún, ó ń bá èrò ọ̀nà ṣẹ̀fẹ̀, síbẹ̀ àwọn méjèèjì jọ délé. Àlàmú kò padà sídìí ilẹ̀ wíwọ̀n mọ́.

Ó sì mọ iṣẹ́ náà, kí a má tan ara wa. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Bí onípíánò kan bá ṣàìsàn, òun ni wọ́n máa ń sáré wá. Ó tẹ píánò sínú ọ̀pọ̀ àwo orin tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ kọ́ ló ń sanwó ìwọlé. Àwọn tó ń sanwó ìwọlé, ẹkùn ni wọ́n fẹ́ wò. Nígbà tí ayé awọ ẹkùn kọjá, wọ́n gbé e lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ọlọ́lá, ó ń tẹ píánò fún àwọn tó ń yọ egungun ẹja láàárín eyín, tí ẹnìkan kò gbójú sókè wò ó. Ó fẹ́ ọmọbìnrin òyìnbó kan, ó sú ọmọbìnrin náà, ó lọ. Àlàmú gba pásípọ́ọ̀tì wọn, ó di òyìnbó lórí ìwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárọ̀.

Nígbà náà ni Grace, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ránṣẹ́ sí i láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ojú màmá ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni màmá ń bèèrè: kí ni ohun náà gan-an tí ọmọ òun ń ṣe nílùú òyìnbó láti ọjọ́ yìí wá, ṣé òun lè gbọ́ ọ kí òun tó lọ? Àlàmú ka ọ̀rọ̀ náà, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ta píánò rẹ̀ nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ gbé e rìn, ó wọ bàálù, ó délé ní 1986.

Ó délé tán, kò rí píánò. Ọ̀kan tó wà ní ilé ìwé kan nígboro, ikán ti jẹ ẹ́ tán, ó ku igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sá aṣọ lé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní dùùrù gidi, wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bó ṣe máa ń rìn, alàgbà kan dìde, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa á dé. Ó ní orin ilé ọtí kì í jáde nínú dùùrù Olúwa. Àlàmú wá kiri títí, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bóyá ní Ọ̀yọ́ ni òun yóò ti rí i. Ọ̀yọ́ náà ló sì ti rí i, nínú ilé ọtí Gàfárù.

Gàfárù yìí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Kò kọjá Kútọnu rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa pe òun ní Dáírẹ́tọ̀. Lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì ló ti ra píánò náà nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó sì ń to kéèsì ọtí lé e lórí. Nígbà tí Àlàmú ṣí i, aáyán tú jáde. Ọbẹ̀ ata ti gbẹ mọ́ àwọn eyín rẹ̀, ẹnìkan ti pa sìgá sí i lára, ẹnìkan sì ti da ọtí sínú rẹ̀ tó di kíkan. Àlàmú fi ọwọ́ kan di imú. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́, píánò náà dún, ó sì mọ̀ pé òun kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Gàfárù gbọ́ orin díẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè díẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó mú un lọ sẹ́yìn báà, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀.

“Ẹ wò ó, bàbá,” ó ní, “ta ló fẹ́ wọ mọ́tò wá wo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tẹ dùùrù? Ṣùgbọ́n òyìnbó láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò rí i pé ìyẹn yàtọ̀? Mi ò ní kí ẹ purọ́ o. Pásípọ́ọ̀tì yín ńkọ́, ṣé ti ọ̀hún kọ́ ni? Ẹ kàn máa gbàgbé Yorùbá tẹ́ ẹ bá ti wọlé ni.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gàfárù, báà ló wò kó tó sọ Àlàmú ní Mísítà Lọ́rẹ́nsì. Orúkọ tí wọ́n fún un níbi ìtẹ̀bọmi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Òfin ilé náà kò pọ̀. Àlàmú kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá lójú oníbàárà, kò gbọdọ̀ dáhùn bí wọ́n bá sọ ọ́ sí i, ará ilé rẹ̀ kan kò sì gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Gàfárù ra kóòtù dúdú àti táì olórí labalábá fún un. Ó tún jókòó, ó ń kọ́ ọ bí ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń di fọ́ọ̀kì mú. Àlàmú ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà sì ń rí i lára títí dé ẹ̀yìn ọrùn.

Bó ṣe di òyìnbó Gàfárù nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, àwọn ènìyàn ńlá Ọ̀yọ́ a kún ibẹ̀, wọ́n a máa sọ gẹ̀ẹ́sì láti imú, wọ́n a máa béèrè àlàáfíà ọbabìnrin lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ọkùnrin kan a máa fi ọwọ́ tó ti fi jẹ ẹja díndín pa á lórí, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá irun òyìnbó dúdú yàtọ̀. Gàfárù fúnra rẹ̀ a jẹ adìyẹ tán, a wá fi ìka ọlọ́ràá tẹ eyín píánò kan láàárín orin, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé òun náà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni ohun tí wọ́n ń sọ ní Yorùbá. Ẹni tí wọ́n rò pé kò gbọ́ èdè àwọn, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń tú gbogbo ìdọ̀tí inú wọn sí. Wọ́n a sọ̀rọ̀ imú rẹ̀. Wọ́n a ní òyìnbó yìí dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ìyàwó ọ̀gá kan ní òun gbà pé òyìnbó ni lóòótọ́, nítorí kò rùn bíi tiwa. Àlàmú gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti bọ́ awọ ẹkùn, kóòtù dúdú ló gbé wọ̀. Ní ọ̀hún, wọ́n ní kó jẹ́ ẹranko kí wọ́n tó gbọ́ orin rẹ̀. Ní ilé, wọ́n ní kó jẹ́ òyìnbó. Kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti ní kó wá tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ògúndìran. Ìgbà mìíràn a máa wo ara rẹ̀ nínú dígí tó wà lẹ́yìn báà, a pòṣé, a gbójú sápá kan.

Bó bá ti di àárín ọ̀sẹ̀, a wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Ṣàngódùnní á ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, á ti máa kí i, “Àlàmú, Àlàmú ọmọ mi,” á nawọ́ síwájú títí yóò fi bà á. Ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà: ohun náà ńkọ́? Ìgbà wo ni òun máa gbọ́ ọ? Lọ́jọ́ kan Àlàmú gbé apá ìyá rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó sì tẹ odidi orin kan sí i lára láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá àgbà náà ń fetí sí i. Nígbà tó parí, ó ní òun mọ ọwọ́ náà, ọwọ́ ọmọ òun ni, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò tíì dé etí òun.

Àlàmú padà sí Ọ̀yọ́, ó bẹ Gàfárù pé kó jẹ́ kí òun mú ìyá òun wá ní Sọ́ńdè kan péré. Gàfárù kọ̀. Ó ní ìyá arúgbó á wọlé, á gbẹ́nu lé oríkì láàárín gbọ̀ngàn, òyìnbó òun á sì yọ́ dànù lójú gbogbo ayé. Àlàmú bẹ̀ ẹ́ títí ọdún fi yí. Lóṣù kẹwàá ọdún 1988, Gàfárù gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Àwọn ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wo òyìnbó náà bóyá wọ́n lè máa gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn. Bí ọjọ́ náà bá lọ geere, kí ó mú ìyá rẹ̀ wá ní Sọ́ńdè kejì. Ó ní òun Gàfárù fúnra òun ni òun máa dúró kéde rẹ̀ pé Àlàmú Ògúndìran ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nídìí píánò. Ọ̀rọ̀ náà kò ná an ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú Àlàmú kún fún omi.

Sọ́ńdè ọ̀hún pé. Àwọn ọ̀gá Ìbàdàn jókòó síwájú, agbádá bo àga. Mashood tó ń tajà ní báà ń gbé ọtí fún wọn, Gàfárù ń nu iwájú orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ibi tó bá kọjú sí. Àlàmú ń tẹ orin tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ìka rẹ̀ sì dẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ti ń rí àga tí yóò gbé ìyá rẹ̀ lé, nítòsí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì, kí ó lè gbọ́ ibi tí orin náà ti ń rìn.

Ibẹ̀ ló wà tí Grace fi wọlé. Ìyàwó ilé méjì tí wọ́n ti dàgbà tẹ̀ lé e. Grace kì í fẹsẹ̀ kan ilé ọtí, kì í sì í pa ìjókòó àwọn ìyá ìjọ jẹ lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ó ti tú gèlè lórí, ó fi gbàjá mọ́ ìdí. Mashood sáré gbé àga, wọn kò jókòó. Ó bu omi wá, wọn kò gbà á. Wọ́n rìn láàárín tábìlì títí wọ́n fi dé ìdí píánò.

“Àlàmú,” Grace ní, “wọ́n ń pè ọ́ nílé.”

Orin náà ń lọ. Gàfárù ti dé ibẹ̀, ó da ara rẹ̀ sáàárín wọn. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀gá Ìbàdàn, ó yíjú sí Grace, ó ní màmá ti ṣìlé, òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù nìyí, kò gbọ́ Yorùbá. Grace kò tilẹ̀ wò ó. Ó ń wo àbúrò rẹ̀.

“Àlàmú, dìde. Wọ́n ní kí o máa bọ̀.”

Ohun tó wà lọ́kàn Àlàmú kò ju ọ̀kan lọ. Ó rò pé ìyá rẹ̀ tún ń béèrè rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń béèrè rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá lè forí tì í fún ìwọ̀nba àkókò tó kù yìí, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìyá náà máa gbọ́ ohun tó ti ń béèrè. Inú bí i sí Grace pé kò mọ ìgbà tí ènìyàn ń wá. Àwọn ọ̀gá Ìbàdàn ti dá ọtí dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí píánò, ó gbójú sókè wo ọmọ ìyá rẹ̀.

“Sorry, madam,” ó sọ ọ́ láti imú, “I don't understand.”

Ohùn náà rí òun fúnra rẹ̀ lára bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Grace dúró. Ó wò ó látòkè délẹ̀, kóòtù, táì, bàtà tó ń dán. Ó wá yíjú sí Gàfárù, ó ní kí wọ́n má bínú, òun rò pé àbúrò òun ni. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà bá ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé jáde.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Àlàmú kò tíì mọ̀ pé òun ti ta ọjà. Ó padà sídìí orin rẹ̀, ó tilẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ìgbà tó ṣe, ó rí i pé gbọ̀ngàn náà ti pa rọ́rọ́. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ pa á lórí ti ṣí fìlà, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ òórùn ti dìde, ó ń wá ọ̀nà ìta. Àwọn ọ̀gá Ìbàdàn gbé agbádá lé èjìká, wọ́n jáde láìdágbére, ọtí wọn ṣì ń hó nínú ife. Gàfárù nìkan ló kù lẹ́bàá píánò, òógùn bò ó, ó ń fi ọwọ́ ṣe é pé kó má dúró, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọmọ Yorùbá ni Gàfárù. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́ lẹ́nu Grace, òun náà gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, ó sì tún ń wá orin sí i. Irú ènìyàn báyìí wà láyé, wọ́n sì ń jẹun, wọ́n ń sùn.

Mashood ló wá. Ó rọra pa ìdérí píánò náà dé.

“Bàbá,” ó ní, “àgbàlagbà mẹ́ta kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ wá dúró nílé ọtí kí wọ́n má jókòó, kí wọ́n má mu omi. Ta lẹ fi sílẹ̀ nílé?”

A kì í fi ẹnu la ikú ìyá mọ́ ọmọ lórí, pàápàá nígboro, lójú àjèjì. Wọ́n á ní wọ́n ń pè é nílé, ó tán. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ọ̀mùtí tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ òórùn mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá nìkan ni kò gbọ́ ọ lóòótọ́.

Àlàmú dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Gàfárù dì í lápá, ó ń sọ nǹkan kan nípa Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Òórùn ìpara orí rẹ̀ àti adìyẹ tó jẹ kọlu Àlàmú nímú, ó ti ọkùnrin náà dànù, ó sáré jáde. Kó tó dé gáréèjì, ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì sójú títì. Ó gbìyànjú láti já táì ọrùn rẹ̀, okùn rẹ̀ kò já. Bó ṣe wọ inú Píjó tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, òun àti táì olórí labalábá, ó ń bẹ dẹ́rẹ́bà kó yára, Yorùbá tó sì ń sọ ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdájí ọjọ́ náà ni Ṣàngódùnní sùn tí kò jí mọ́. Ó ti kìlọ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n má gbé òun sí yìnyín, kí wọ́n sin òun lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògúndìran. Nínú agbo ilé wọn, àkọ́bí ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára, kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ọkọ́. Nítorí rẹ̀ ni Grace ṣe fi òkú sílẹ̀ nílé, tó lọ sí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, tí àwọn agbẹ́lẹ̀ sì jókòó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ láti ọ̀sán.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Àlàmú dé. Ilẹ̀ ti dí. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a kó lè tẹ́. Àwọn ẹbí jókòó yíká, kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n wo kóòtù dúdú náà, wọ́n gbójú kúrò. Àlàmú kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, kò sì mọ ibi tí yóò dà á sí.

Grace dìde láàárín wọn. Erùpẹ̀ tó bù dípò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun náà, ó ti gbẹ mọ́ ọn ní ìka. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún àlejò, kí wọ́n bu omi.

“Ẹ jókòó, sà,” ó ní. “Ẹ kú ìrìn. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn.”

“Àǹtí,” Àlàmú ní, “èmi ni. Àlàmú ni.”

Grace gba omi náà lọ́wọ́ ẹni tó bù ú wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

“Àlàmú ò sí nílé, sà. Èmi fúnra mi lọ pè é lọ́sàn-án òní, mi ò bá a.”